Kì Í Ṣe Ẹnu Kaothar Ló Kó Bá Tíṣà Job

Ẹ̀yin olùkọ́, ẹ̀yin òbí, ẹ ní kí n kọ ọ̀nà tí mo fi ń kọ́ ọmọ kéékèèké ní ọ̀rọ̀ sílẹ̀, kí n sì wá kà á fún yín lónìí, kí àwọn ilé ẹ̀kọ́ yòókù lè máa lò ó. Mo ti kọ ọ́. Ṣùgbọ́n ohun tí ẹ retí kọ́ ni mo kọ, torí pé n kò lè sọ ọ̀nà yẹn láìdárúkọ ẹni tó ni ín, n kò sì lè dárúkọ rẹ̀ láìsọ ohun tí mo fi ojú rẹ̀ rí. Tíṣà Job ló ni ín. Èmi ni mo mú kí wọ́n wá gbé e. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é ní àṣìṣe fún mi. Àwọn tó mọ̀wé máa ń ní ọ̀rọ̀ tútù tí wọ́n fi ń bo nǹkan tó ń rùn. Ìkà ni mo ṣe, mo sì mọ̀ pé ìkà ni nígbà tí mò ń ṣe é.

Ẹ̀yin tí ẹ ń pè mí ní Mádáàmù Adébísọ́lá lónìí, ilé iṣẹ́ bísíkíìtì kan ní Ìkẹjà ni mo ti wá. Ara páálí tí a ń di bísíkíìtì sí ni mo ti kọ́ ìwé kíkà. Tí ọwọ́ bá dilẹ̀, mo máa ń bi àwọn ọkùnrin tó ń kẹ́rù pé, "Kí lèyí ń wí?" Wọ́n á sọ fún mi, wọ́n á fi mí rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n mo ti mọ̀ ọ́n nìyẹn. Nígbà tí ìjọba gbé ètò ọrọ̀ ajé SAP dé, ìyẹ̀fun di ohun àwátì, wọ́n lé wa. Ilé iṣẹ́ aṣọ tí ọkọ mi wà náà ti ilẹ̀kùn. Alhaji Sànní, tó ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kékeré kan ní Agége, gbà mí pé kí n máa mójú tó àwọn ọmọ wẹ́wẹ́. Kò béèrè ìwé ẹ̀rí lọ́wọ́ mi. Bí ó bá béèrè, kí ni mo fẹ́ mú fún un? Páálí?

Ibẹ̀ ni mo ti bá Tíṣà Job, ọmọ Ìjẹ̀bú, tó kàwé olùkọ́, tó sì ń kọ́ kíláàsì kẹrin. Ọ̀tọ̀ ni bí ó ṣe ń kọ́ ọmọ. Àwa tó kù, a máa ń kọ ọ̀rọ̀ sójú pátákó, àwọn ọmọ á máa pariwo rẹ̀ tẹ̀ lé wa títí ọ̀nà ọ̀fun á fi gbẹ, tó bá di ọ̀la wọ́n á ti gbàgbé. Job ní bí a ṣe ń tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀ ni a lè tú ọ̀rọ̀ palẹ̀, kí ọmọ rí iṣẹ́ tí ìkọ̀ọ̀kan ń ṣe. Ó gé páálí wẹ́wẹ́, ó kọ orí ọ̀rọ̀ sí àwọn kan, ó kó wọn sínú agolo. Ó kọ ara ọ̀rọ̀ sí àwọn yòókù, ó kó wọn sínú agolo kejì. Ọmọ á mú "àì" nínú agolo àkọ́kọ́, á mú "sùn" nínú èkejì, á so wọ́n pọ̀, á ní "àìsùn." Òmíràn á mú "àì" kan náà so mọ́ "jẹun." Kò ní pẹ́ tí ọmọ á fi mọ̀ pé níbi tí "àì" yẹn bá wà, nǹkan kan ni kò ṣẹlẹ̀, kò sì ní dúró de ẹnikẹ́ni kó tó mọ ohun tí "àìgbọràn" jẹ́. Ọmọ awakọ̀ á wá "a," á wá "wa," á wá "ọkọ̀," á to iṣẹ́ bàbá rẹ̀ sórí tábìlì, á máa yan káàkiri. Tí wọ́n bá mọ tiwa tán, Job á tú ti Òyìnbó fún wọn bákan náà. Àwọn ọmọ tí kò lè ka ìlà kan tẹ́lẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í ka ìwé ìròyìn tí wọ́n fi di àkàrà.

Ó kọ́ èmi náà. Lẹ́yìn tí àwọn ọmọ bá ti lọ, á ní kí n jókòó, á da agolo méjèèjì sílẹ̀ níwájú mi. Uswat lorúkọ ọmọ mi, nítorí náà Ìyá Uswat ni ó máa ń pè mí. "Ìyá Uswat," á ní, "ẹ̀yin tí ẹ kọ́ ìwé lára páálí, ta ni páálí yìí tún tọ́ sí jù yín lọ?" Mo fẹ́ kí ẹ gbọ́ èyí dáadáa. Ọkùnrin náà ò ṣẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n ní ọdún tí wọ́n fagi lé ìbò, Alhaji pe àwa méjèèjì, ó ní, "Àwọn òbí ò rí owó iléèwé san mọ́. Tí a bá ti ìsinmi dé, ẹnì kan péré ni mo lè mú dání nínú yín." Bó ṣe ń sọ ọ́, Job ló ń wò. Ìyẹn ti tó fún mi láti mọ̀ pé èmi ni wọ́n máa lé.

Ní ọ̀sẹ̀ tí àwọn ológun tún gbàjọba, Job ní kí àwọn ọmọ to ọ̀rọ̀ tó bá wù wọ́n. Kaothar, ọmọ Sùlíyá ará Ògbómọ̀ṣọ́, ò tíì ju ọmọ ọdún mẹ́sàn-án lọ. Ó kó páálí jọ títí orí tábìlì ò fi gbà á mọ́, ó ní ṣé òun lè lo ilẹ̀. Mo wà lẹ́nu ilẹ̀kùn, mo wá yá ṣọ́ọ̀kì. Ó to "a," ó to "fi," ó to "ipá," ó to "gba," ó to "ìjọba." Ó kà á pọ̀: "Afipágbàjọba." Ishaq, tó máa ń pa gbogbo wọn lẹ́rìn-ín, ní, "Tíṣà, ọ̀rọ̀ yẹn ga ju Kaothar fúnra ẹ̀ lọ." Wọ́n rẹ́rìn-ín. Job bi ọmọ náà pé, "Kí ló túmọ̀ sí?" Ó ní, "Ẹni tó fi ipá gba ìjọba ni. Bí bàbá mi ṣe máa ń wí nìyẹn tí rédíò bá ń sọ̀rọ̀." Job bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi ìka tọ ọ̀rọ̀ náà dé òpin. Ó wá ní, "Ó pé. Ẹ pàtẹ́wọ́ fún un." Ó ní kí wọ́n kó páálí nílẹ̀. Ohun tó ṣẹlẹ̀ kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Èmi ni mo sọ ọ́ di nǹkan mìíràn. Sájẹ́ǹtì ológun kan wà ní òpópónà wa ní Ọgbà, Àlàmú lorúkọ rẹ̀. Ní ìrọ̀lẹ́, mo lọ dúró lẹ́nu géètì rẹ̀. Mo ní, "Ẹ kú ilé, sà. Tíṣà kan wà lọ́dọ̀ wa tó ń kọ́ àwọn ọmọ kí wọ́n máa pe ìjọba ní olè." Ó ní, "Olè? Ẹnu ara ẹ̀ ló fi pè é?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Job ò pè é rí. Èmi ni mo wá ọ̀rọ̀ yẹn, torí pé èyí tí ọmọ náà tò gùn, òtítọ́ sì ni, èmi sì fẹ́ èyí tí á tètè bí sọ́jà nínú. Mo dárúkọ Job fún un, mo fi ti bàbá rẹ̀ kún un. Mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, sà, kí orúkọ tèmi má wọ̀ ọ́." Ó rẹ́rìn-ín. "Mádáàmù, ẹ máa lọ sílé yín. Ta ló bi yín lórúkọ?" Bí mo ṣe yíjú padà, Kaothar ló ń kọjá, kẹ́ẹ̀gì omi wà lórí rẹ̀. Kò lè kúnlẹ̀ nítorí omi, ó tẹ orúnkún díẹ̀, ó ní, "Ẹ kú ìrọ̀lẹ́, Àǹtí." Ó wò mí, ó wo sọ́jà, ó kọjá lọ.

Wọ́n dé ní òwúrọ̀, nígbà tí àwọn ọmọ ṣì tò lórí ìlà. Ọkùnrin méjì ni, wọn ò wọ aṣọ ológun. Ọ̀kan gbá Job létí kó tó ráyè bi wọ́n pé kí ló dé. Nígbà tí wọ́n ń tì í lọ, ó yíjú sí mi, ó ní, "Ìyá Uswat, ẹ bá mi mójú tó wọn." Mo ní, "Mo gbọ́, Tíṣà." Ohùn mi ò gbọ̀n rárá.

Tí ẹ bá rò pé ìkà mi parí síbẹ̀, ẹ ò tíì gbọ́ nǹkan kan. Ní àkókò ìsinmi ọ̀sán, Kaothar wá bá mi. "Àǹtí, ṣé nítorí ọ̀rọ̀ tí mo tò ni?" Ọmọ náà ti rí mi lẹ́nu géètì Àlàmú. Tó bá sọ ọ́ nílé, bàbá rẹ̀ á rò ó wò, á mọ̀. Mo tẹ̀ síwájú rẹ̀, mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni. Ẹnu rẹ ló kó bá a. Tí o bá tún yanu sọ ohunkóhun, ohun tí o rí tàbí ohun tí o gbọ́, bàbá rẹ ni wọ́n máa wá mú." Kò sunkún. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í fi àtẹ́lẹwọ́ nu ẹnu rẹ̀, bí ẹni tó jẹ nǹkan àìmọ́. Láti ọjọ́ náà kò dáhùn ìbéèrè kankan ní kíláàsì mọ́. Sùlíyá ìyá rẹ̀ mú un wá bá mi. "Àǹtí, ẹ bá mi bi í léèrè. Ọ̀dọ̀ ààfáà ni a ti ń bọ̀, ó mu omi hàǹtú títí, ọ̀rọ̀ ò jáde. Ó fẹ́ràn yín, ẹ bá mi bi í." Èmi, mo wo ojú obìnrin yẹn, mo ní agídí lásán ni. Kò pẹ́ tí wọ́n fi mú ọmọ náà kúrò ní iléèwé, wọ́n fi í sẹ́nu iṣẹ́ aṣọ rírán lẹ́yìn ọjà Ọgbà.

Èmi ni mo jogún agolo méjèèjì. Alhaji mú mi dání. Àwọn olùkọ́ ibòmíràn gbọ́, wọ́n pè mí lọ sí Maryland kí n wá ṣe é kí wọ́n rí i. Wọ́n pàtẹ́wọ́, wọ́n ní ta ló kọ́ mi. Mo ní orí mi ni.

Ó lé lọ́dún kan kí wọ́n tó tú Job sílẹ̀. Ó wá sí kíláàsì mi, ó jókòó sẹ́yìn, ó ń fi ọwọ́ gbé etí ọ̀tún síwájú, torí etí òsì ti kú. Ó gbọ́ bí àwọn ọmọ ṣe ń to ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà ó ní, "Ẹ ṣé, Ìyá Uswat. Ẹ ò jẹ́ kó kú." Ó wá ní, "Kaothar dà? Ọ̀rọ̀ wà tí mo fẹ́ bá a sọ." Ṣọ́ọ̀bù tí ọmọ náà ti ń kọ́ṣẹ́ ò jìn sílé mi. Ká ní mo na ọwọ́ lásán, á dé ibẹ̀. Mo ní wọ́n ti kó lọ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ó ní, "Tí ẹ bá rí i lọ́jọ́ kan, ẹ sọ fún un pé kò sí ẹni tó bi mí léèrè ọ̀rọ̀ tó tò. Olè ni wọ́n ń tẹnu mọ́, pé mo ní olè ni wọ́n. Ọmọdé kọ́ ló gbé ìyẹn dé ọ̀dọ̀ wọn." Ó wò mí pẹ́. N kò mọ̀ bóyá ó mọ̀. Ó padà sí Ìjẹ̀bú, ibẹ̀ ló sì kú sí nígbà ọyẹ́ tó kọjá.

Nígbà tí ẹ ní kí n wá kọ nǹkan yìí, mo jókòó, mo kọ orúkọ ara mi sókè, ọwọ́ mi ò lè kọ ìlà kejì. Mo dìde, mo lọ sí ṣọ́ọ̀bù aránṣọ yẹn. Kaothar ti di ọmọge. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, mo sì jẹ́ iṣẹ́ tí Job rán mi. Ó ń fi ẹsẹ̀ wa ẹ̀rọ lọ, kò gbójú sókè. Nígbà tí aṣọ tán lábẹ́ abẹ́rẹ́, ó ní, "Ó tún bi yín léèrè mi?" Mo ní bẹ́ẹ̀ ni. Ó ní, "Mo rò pé ó kórìíra mi kú ni." Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bẹ̀ ẹ́, ó dá mi lẹ́kun. "Àǹtí, ẹ má bẹ̀ mí níbi tí a ti jẹ́ àwa méjì. Wọ́n ń sọ ọ́ ládùúgbò pé ọmọ yìí ló fi ẹnu pa tíṣà. Ibi tí èèyàn pọ̀ sí ni kí ẹ ti sọ ọ́."

Ohun tí mo wá ṣe nìyí. Ó wà nínú yàrá yìí, òun àti ìyá rẹ̀, nítòsí ilẹ̀kùn. N kò ní tọrọ àforíjì lọ́wọ́ rẹ̀ lójú yín, torí bí mo bá tọrọ rẹ̀ níbí, ojú yín á fi ipá mú un. Ti Job ti kọjá mi, kò sí láyé mọ́ tí n ó fi bẹ̀ ẹ́. Ẹ̀yin olùkọ́ tí ẹ ṣì kéré, ẹ máa tú ọ̀rọ̀ palẹ̀ fún àwọn ọmọ, ẹ máa lo páálí, ẹ máa sọ pé Tíṣà Job ló kọ́ yín. Ọjọ́ tí ọmọdé bá bi yín pé ṣé òun lòun fà á, tí ẹ sì mọ̀ pé òun kọ́, ẹ dá a lóhùn lójú ẹsẹ̀, ohun yòówù kó ná yín. Ní báyìí, ẹ jókòó jẹ́ẹ́. Ẹ jẹ́ kí Kaothar kọ́kọ́ jáde, kí ẹnikẹ́ni má sì dí i lọ́nà láti bi í léèrè ọ̀rọ̀. Lẹ́yìn náà, ẹ wá bi èmi.