Súùdù Tántì Kafayatou

TÁNTÌ KAFAYATOU: Aló? Soukourath?

SOUKOURATH: Tántì, ẹ káàárọ̀ o. Ará Houinmè ńkọ́?

TÁNTÌ: A dúpẹ́. Ìyá rẹ ńkọ́? Ó dáa. Gbọ́, kí ni wọ́n ń fi sí ọwọ́ tó ń tani?

SOUKOURATH: Kí ló ta yín lọ́wọ́?

TÁNTÌ: Ọṣẹ ni. Ọṣẹ tí mo sè lánàá. Pòtáàsì wọ́n lọ́jà, mo bá ra súùdù, sódà ọlọ́ṣẹ, dípò rẹ̀. Ṣé o gbọ́ mi?

SOUKOURATH: Mo gbọ́. Súùdù mélòó?

TÁNTÌ: 560 gíráàmù, sí epo lítà mẹ́ta. Òṣùwọ̀n ìyá wa ni. Mi ò yẹ̀ ẹ́ rárá.

SOUKOURATH: Tántì, ti pòtáàsì ni wọ́n ń wọ̀n bẹ́ẹ̀.

TÁNTÌ: Ìwọ̀n ṣáà ni ìwọ̀n—

SOUKOURATH: Kílò àgbálùmọ̀ kan àti kílò ìbẹ́pẹ kan, èwo ló pọ̀ ní iye?

TÁNTÌ: Àgbálùmọ̀. Ta ni kò mọ̀yẹn?

SOUKOURATH: Súùdù ni àgbálùmọ̀ náà. Móòlù, ìdì tí iye inú rẹ̀ kì í yẹ̀, ni a fi ń kà wọ́n, bí ẹ ṣe ń ka iṣu ní ogójì-ogójì. Pòtáàsì, 56 gíráàmù ni móòlù kan. Nínú 560, móòlù mẹ́wàá ni. Súùdù, 40 gíráàmù ni móòlù kan. Ẹ pín 560 sí 40.

TÁNTÌ: ...Mẹ́rìnlá.

SOUKOURATH: Mẹ́wàá lepo yín lè gbà. Mẹ́rin yòókù ló ń jẹ yín lọ́wọ́. 400 gíráàmù ló tọ́.

TÁNTÌ: Ìwọ tí o kì í lanu níwájú àgbà.

SOUKOURATH: Ẹ má bínú.

TÁNTÌ: Ta ló ń bínú? Ṣé ó ṣeé tún ṣe?

SOUKOURATH: Ẹ fi omi púpọ̀ ṣan ọwọ́. Ẹ gé ọṣẹ náà wẹ́wẹ́, ẹ gbé e padà síná, ẹ fi epo lítà kan ààbọ̀ kún un. Ṣé ẹ gbọ́ mi?

TÁNTÌ: [ariwo] ...gbogbo rẹ̀ kọ́ ló wà níbí.

SOUKOURATH: Kí ni kò sí?

TÁNTÌ: Prisca aládùúgbò yín bímọ. Mo ti fi ọṣẹ méjì rán Amidou onízém, ọlọ́kadà wa, sí wọn ní Akron, pé kí wọ́n fi wẹ ọmọ láàárọ̀ yìí.

SOUKOURATH: Ẹ pe Prisca.

TÁNTÌ: Mo ti pè é, kò gbé fóònù. Akron nìwọ náà wà, ilé kẹta sí tiyín—

SOUKOURATH: Mo ti ń lọ. [ẹsẹ̀ ń sáré]

TÁNTÌ: Ìyá ọkọ rẹ̀ ló ń wẹ ọmọ. Ìyẹn kì í gba ọ̀rọ̀ lẹ́nu ọmọdé. Sọ pé èmi ni mo ní— Ṣé o gbọ́ mi?

SOUKOURATH: [èémí] Mo ti dé. Ẹ kú ilé o. Màmá, ẹ má fi ọṣẹ yẹn kan ọmọ.

OHÙN ÌYÁ ÀGBÀ: [omi nínú bàsíà] Ta nìyẹn? Báyìí lo ṣe ń kíni?

SOUKOURATH: Ẹ dákun, Màmá. Yóò bó o lára.

OHÙN ÌYÁ ÀGBÀ: Ọmọ tí mo ti wẹ̀ ju ogún lọ, ìwọ lo máa wá kọ́ mi?

TÁNTÌ: Soukourath? Ṣé o gbọ́ mi? Kúnlẹ̀, kí o bẹ̀ ẹ́—

SOUKOURATH: Mo ti kúnlẹ̀. Màmá, mo di ọwọ́ yín tó mú ọṣẹ yìí mú, mi ò ní fi í sílẹ̀.

[Ìpè já.]