Ta Ló Sọ Kodín Di Ewúro?

Ẹ̀yin òǹkàwé, ẹ sún mọ́ mi díẹ̀. Ọ̀rọ̀ kan wà nínú mi tó ń pa mí lẹ́rìn-ín, tó sì tún ń dá mi lóró, n kò sì rí ẹni tí mo lè sọ ọ́ fún ní gbogbo Port Harcourt yìí, nítorí gbogbo ẹni tó mọ̀ mí ló mọ ọkọ mi, gbogbo ẹni tó sì mọ ọkọ mi ló ti gbọ́ ìjẹ́rìí rẹ̀. Ní ọjọ́ Àìkú tó ń bọ̀ yìí, ìjọ wa fẹ́ ṣe ìpàdé ńlá, ọkọ mi ni wọ́n sì ní kó wá sọ bí Ọlọ́run ṣe gbà á lọ́wọ́ oògùn olóró. Ìyẹn kì í ṣe tuntun, ó ti sọ ọ́ láti Abuloma títí dé Isiokpo. Èyí tó jẹ́ tuntun ni pé pásítọ̀ ní èmi náà gbọ́dọ̀ jáde síwájú, kí n gba máìkì, kí n sì jẹ́rìí sí i pé bó ṣe wí ló rí. Ẹ gbà mí o! Èmi tí mo máa ń ní kí àwọn ọmọdé tí mò ń kọ́ ní Bíbélì kúnlẹ̀ kí wọ́n gbọ́wọ́ sókè nítorí irọ́ kékeré, kí ni kí n wí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ irú ẹni tí mo jẹ́. Ewúro ni mo ń fọ̀ tà. Àwọn tó ń se oúnjẹ tà ní Woji àti Trans-Amadi ni oníbàárà mi. Ẹni tó bá ń ṣe iṣẹ́ yìí mọ̀ pé omi àkọ́kọ́ tó ń jáde bí a bá fi ọwọ́ fún ewúro máa ń dúdú bí ọ́ìlì ọkọ̀ tó ti gbó, ó sì korò débi pé adìẹ kì í sún mọ́ ọn. A máa ń dà á nù ni. N kì í ta ewúro tí n kò fọ̀ dénú, n kì í sì í fi ewé àná pọ̀ mọ́ tòní. Àwọn ará àdúgbò ń pè mí ní "Madam Correct", àwọn kan sì ń fi orúkọ náà bú mi, mo mọ̀, kò dùn mí. Mo ti dàgbà, mo ti bímọ, kí n tó mọ lẹ́tà kan yàtọ̀ sí èkejì. Ilé ẹ̀kọ́ àgbà tí ìjọ wa ń ṣe ní ìrọ̀lẹ́ ni mo lọ, mo jókòó sórí bẹ́ǹṣì àwọn ọmọdé, orúnkún mi ń kan àgbọ̀n mi. Ọkọ mi ló san owó ilé ìwé náà. Ẹ fi èyí sọ́kàn, nítorí ìwé tó rán mi lọ kà ló tú àṣírí rẹ̀.

Ọlọ́pàá ọ̀tẹlẹ̀múyẹ́ ni Bàbá Tọ́lá, ọkọ mi, tẹ́lẹ̀. Láti ilẹ̀ wa ni wọ́n ti gbé e wá sí Rivers, èmi sì tẹ̀ lé e. Ẹ má rò pé ènìyàn burúkú ni. Aláwàdà ni, ó mọ ijó í jó, ó sì gbọ́n lẹ́nu iṣẹ́ rẹ̀ débi pé bó bá wo bàtà tí olè gbàgbé, á sọ irú ilé tí olè náà ń gbé fún ọ. Ṣùgbọ́n díẹ̀díẹ̀ ni ọwọ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í gùn. Ẹni tí kò ṣẹ̀, á sanwó kó tó lọ sílé. Ẹni tó ṣẹ̀, á sanwó, òun náà á lọ sílé. Bí wọ́n bá gba oògùn olóró lọ́wọ́ àwọn tó ń tà á, yóò ti dín kù kó tó dé àgọ́ ọlọ́pàá. Mo bá a jà títí. Á ní, "Ìyá Tọ́lá, ilé ìjọsìn kọ́ ni wọ́n gbà mí sí, iṣẹ́ ọba ni." Mo ní n kò ní fi owó bẹ́ẹ̀ se ọbẹ̀ nínú ìkòkò mi, owó ewúro mi ni mo sì ń fi bọ́ wa. Á jẹun náà, á tún bu ọbẹ̀ lé e.

Lẹ́yìn náà ni ikọ́ dé. Ó ní ikọ́ ń ṣe òun, òun sì ń mu oògùn ikọ́. Láàárọ̀, ìgò kan. Lọ́sàn-án, òmíràn. Tọ́lá ọmọ wa, tí wọ́n bí síhìn-ín, tí Pidgin sì yọ̀ lẹ́nu rẹ̀ ju Yorùbá lọ, wò ó lọ́jọ́ kan, ó ní, "Daddy, this your cough no dey make noise o." Bàbá rẹ̀ rẹ́rìn-ín títí omi fi dà lójú rẹ̀. Èmi kò rẹ́rìn-ín. Ó ti bẹ̀rẹ̀ sí í sùn sórí oúnjẹ. Á máa họ ara bí ẹni tí ìjàlọ ń ta. Wọ́n rán an lọ mú olè kan, ó jókòó sínú pálọ̀ olè náà láti dúró dè é, oorun gbé e lọ. Nígbà tí olè náà wọlé, ó mú aṣọ ìyàwó rẹ̀, ó fi bo ọkọ mi kí òtútù má baà mú un, ó sì bá tirẹ̀ lọ. Aṣọ náà ni Bàbá Tọ́lá fi kọ́rùn padà sí àgọ́! Ẹ rín in, èmi náà ń rín in nísinsìnyí. Nígbà yẹn, ẹkún ni.

Olùkọ́ wa ní kí oníkálukú lọ wá ohun kan kà nílé, kó sì wá sọ ohun tó kà. Ìgò oògùn ikọ́ ni ọwọ́ mi bà. Mo fi ìka tọ́ lẹ́tà kọ̀ọ̀kan, mo ń pè é pọ̀ títí ó fi di kodín. Inú mi dùn bí ọmọ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ rìn. Mo sáré mú un lọ sí kẹ́míìsì tó wà ní ìkóríta wa láti bi wọ́n ní ìtumọ̀ rẹ̀. Obìnrin tó wà níbẹ̀ wo ìgò, ó wo mí. Ó rẹ ohùn rẹ̀ sílẹ̀: "Mama, who dey drink this one?" Bí mo ṣe mọ̀ nìyẹn pé kodín inú oògùn ikọ́ yẹn ni àwọn tó ń mu oògùn olóró fi ń yó. Ọ̀rọ̀ àkọ́kọ́ tí mo dá kà láyé mi, òun ló fọ́ ilé mi.

Mo bẹ ọkọ mi. Mo pe ẹ̀gbọ́n rẹ̀ lórí fóònù, ó bá a wí. Ó fọwọ́ lé Bíbélì, ó ní òun ti jáwọ́. Nígbà tó di ọjọ́ Sátidé kan, mo ń fọ ewúro ní ẹ̀yìnkùlé, mo lọ gbé ike omi, mo sì rí páálí tuntun lẹ́yìn rẹ̀, ìgò kún inú rẹ̀ fọ́fọ́. Mo ṣí gbogbo wọn, mo dà wọ́n sí gọ́tà. Mo fẹ́ ju àwọn ìgò náà nù ni ojú mi bọ́ sórí ọpọ́n omi àkọ́kọ́ tó wà níwájú mi, ó dúdú, ó ki. Ẹ̀yin tí ẹ mọ̀ mí, ṣé irú èrò bẹ́ẹ̀ yẹ kó wá sí mi lọ́kàn? Mo mú àrọ tí a fi ń rọ epo, mo rọ omi ewúro sínú ìgò kọ̀ọ̀kan, mo dé e, mo nù ún mọ́, mo tò wọ́n padà bí mo ṣe bá wọn. Orin ni mo ń kọ bí mo ṣe ń ṣe é. Mo ní, ìwọ ọkọ mi, mu ún, kí o mọ bí ayé mi ṣe korò.

Kò mu ún. Oògùn àtijọ́ ṣì kù lọ́wọ́ rẹ̀. Ìgò tuntun kan ló sọ sápò, ó gba ibi iṣẹ́ lọ ní ọjọ́ Mọ́ńdè. Ní ọ̀nà Woji, ó dá oníkẹ̀kẹ́ Márúwá kan dúró, ọmọ Ikwerre, baba ọlọ́mọ, Ovunda lorúkọ rẹ̀. Ó ní kó wá nǹkan fún òun. Ovunda ní, "Oga, I no do anything. I no go settle." Ọ̀rọ̀ di ariwo, èrò pé jọ, ìtìjú mú ọkọ mi. Ó na ọwọ́ sábẹ́ ìjókòó kẹ̀kẹ́, ó sì fa ìgò kan yọ. Ìgò tó ti wà nínú àpò rẹ̀ ni! Wọ́n ti Ovunda mọ́lé, ọkọ mi kò sì dé ilé lọ́jọ́ náà. Nígbà tí ilẹ̀ mọ́, wọ́n gbé Ovunda lọ sí kóòtù.

Ovunda fúnra rẹ̀ ló sọ ohun tó ṣẹlẹ̀ níbẹ̀ fún mi, bó bá sì ń sọ ọ́, á máa dìde, á máa fara ṣàpèjúwe. Adájọ́ bi ọkọ mi bóyá ó dá a lójú pé kodín ni. Ọkọ mi na àyà. Ó ní bí wọ́n bá di òun lójú, òun á fi imú nìkan dá a mọ̀. Ovunda kígbe láti inú àhámọ́ pé, "My lord, make dem open am!" Adájọ́ ní kí wọ́n ṣí i. Akọ̀wé kóòtù yí ìdérí ìgò, omi ewúro tó ti kan nínú ìgò sì rú jáde, òórùn rẹ̀ gba gbogbo yàrá náà. Akọ̀wé fi ìka kàn án, ó tọ́ ọ wò, ojú rẹ̀ fún pọ̀ bí aṣọ tí wọ́n fún omi rẹ̀. Ó ní, "My lord, na bitterleaf." Adájọ́ bọ́ awò ojú rẹ̀, ó wo ọkọ mi, ó ní láti ìgbà wo ni gbígbé ewúro kiri ti di ẹ̀ṣẹ̀ ní Rivers State? Àwọn ènìyàn rẹ́rìn-ín títí tí àga fi ń ró. Wọ́n dá Ovunda sílẹ̀ lójú ẹsẹ̀, adájọ́ sì ní kí ọ̀gá ọlọ́pàá wá ṣàlàyé irú ọmọ iṣẹ́ tó ń rán jáde.

Mo wà nílé, mò ń to ewé, nígbà tí Bàbá Tọ́lá já wọlé. Kò kí mi. Ó wọ́ páálí jáde, ó ṣí ìgò kan, ó tọ́ ọ wò. Ó ṣí òmíràn. Ó ṣí gbogbo wọn, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, gbogbo wọn ló sì korò. Ó ṣubú lulẹ̀ láàárín àwọn ìgò náà. "Ọlọ́run mi! O ti rí mi! O ti rí mi o!" Mo la ẹnu mi. Ọlọ́run ló gbọ́, mo la ẹnu láti sọ pé èmi ni. Ṣùgbọ́n ó di ẹsẹ̀ mi mú, ó ń sunkún bí ọmọ ọwọ́, ó ń dárúkọ gbogbo ẹni tó ti rẹ́ jẹ. Ó ti pẹ́ gan-an tí mo ti gbọ́ àdúrà lẹ́nu rẹ̀. Mo pa ẹnu mi dé. Ṣé kí n má pa á dé ni ì bá dára jù, àbí pípa tí mo pa á dé ló dára? N kò mọ̀.

Wọ́n lé e kúrò lẹ́nu iṣẹ́, ó sì tọ́ sí i, mo sọ ọ́ fún un lójú. Ìjọ wa gbé e lọ sí ilé ìtọ́jú wọn ní Isiokpo. Ara rẹ̀ gbọ̀n, ó bì, ó ṣépè, ó tọrọ gáfárà. Nígbà tó bọ́ lọ́wọ́ oògùn náà, wọ́n fún un ní ilẹ̀ tó ń gbin pákí sí, ibẹ̀ ló sì ń ti jẹun títí di òní. Kò fọwọ́ kan ìgò mọ́. Ó ti tún ń jó. Ó lọ bẹ Ovunda, ó dọ̀bálẹ̀ fún un lójú àwọn oníkẹ̀kẹ́ yòókù. Ovunda ní, "Oga, I don forgive you. But you go chop bitterleaf soup for my house, and you go lick plate." Ó jẹ ẹ́, ó sì lá àwo náà. Ovunda ni ẹni tó ń gbé èmi àti ewé mi lọ sí ọjà báyìí. Lọ́jọ́ kan, ó wo mí nínú dígí kẹ̀kẹ́ rẹ̀, ó fi ẹ̀rín sẹ́nu. "Mama Tola, this your leaf dey smell like that my court bottle." Mo ní kó wo iwájú rẹ̀ dáadáa. Ó rẹ́rìn-ín títí a fi dé Abuloma, kò sì bi mí mọ́.

Ìṣòro mi ni pé ibi gbogbo ni ọkọ mi ti ń sọ pé Ọlọ́run tó sọ omi di wáìnì ló sọ kodín òun di ewúro. Àwọn ènìyàn ń sunkún, àwọn ọ̀dọ́ ń kó ìgò àti hóró oògùn wọn wá jù sílẹ̀ níwájú pẹpẹ. Mo dán an wò lọ́sẹ̀ tó kọjá, nígbà tí a ń bó pákí. Mo ní, "Bàbá Tọ́lá, bó bá jẹ́ pé ènìyàn kan ni Ọlọ́run lò ńkọ́?" Ọ̀bẹ dúró lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ronú títí, ó ní, "Bó bá jẹ́ ènìyàn, a jẹ́ pé ènìyàn ló ń ṣọ́ mi. Ènìyàn sì máa ń sùn. Ìyá Tọ́lá, ojoojúmọ́ ni ọ̀fun mi ṣì ń béèrè ìgò yẹn. Ẹni tí kì í sùn ni mo ń bẹ̀rù." Ó tún bẹ̀rẹ̀ sí í bó pákí rẹ̀, ó ń súfèé.

Ẹ̀yin òǹkàwé, mo ti ro ó pé kí n kàn wí pé, "Mo wà níbẹ̀, ewúro ni lóòótọ́," kí n sì dá máìkì padà. Òótọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n èmi náà ni mo kọ́ àwọn ọmọdé pé ẹni tó bá fi ìdajì òótọ́ bo ìdajì yòókù ti parọ́. Bí mo bá sọ gbogbo rẹ̀, tí ọkọ mi padà sídìí ìgò, ta ni yóò dá a padà fún mi? Bí n kò bá sọ ọ́, ojú wo ni n ó fi wo àwọn ọmọ náà? Ẹ gbà mí nímọ̀ràn, ẹ má pẹ́. Ó ti ra bàtà tuntun fún mi tí n ó wọ̀ gun orí pẹpẹ, ó fún mi lẹ́sẹ̀, ó sì wù mí. Ó tún ti ṣèlérí fún pásítọ̀ pé èmi ni n ó se ọbẹ̀ fún gbogbo àlejò lẹ́yìn ìsìn, ọbẹ̀ ewúro ni kò sì ní gbà kó jẹ́ òmíràn. Mo ti bẹ̀rẹ̀ sí í fọ ewé báyìí. Ọpọ́n omi àkọ́kọ́ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi bí mo ṣe ń kọ èyí, ó dúdú, ó ki, n kò sì tíì lè dà á nù.