Kàlẹ́ńdà Tí Mo Dá Padà Sẹ́yìn Nínú Ẹ̀rọ

Ní ọdún 2003, èmi ni mo kọ́kọ́ gbé ètò ìtàkùrọ̀sọ orí kọ̀ǹpútà wọ àdúgbò wa ní Ìkòsì. Mo ṣẹ̀ṣẹ̀ fẹ̀yìn tì gẹ́gẹ́ bí ọ̀gá ilé-ìwé nígbà náà. Ẹ̀rọ mẹ́fà ni mo tò sí yàrá iwájú ilé mi. Àwọn ìyá tí wọn kò gbúròó ọmọ wọn fún ọdún pípẹ́ ń bá ọmọ sọ̀rọ̀ lókè òkun lójú ẹsẹ̀. Gbogbo àdúgbò yìn mí, mo sì gba ìyìn náà.

Ohun tí n kò sọ fún ẹnikẹ́ni nípa iṣẹ́ yìí ni mo fẹ́ sọ fún yín. Mo ti gbé yàrá náà fún ẹlòmíràn, ẹni náà kò sì jẹ́ kí oorun kùn mí mọ́. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bèèrè orúkọ mi.

Ẹni tó ṣe ètò náà gbà kí a tọ́ ọ wò lọ́fẹ̀ẹ́ fún ọgbọ̀n ọjọ́. Bí ọgbọ̀n ọjọ́ bá pé, kí a sanwó, bí bẹ́ẹ̀ kọ́, ètò náà á ti ara rẹ̀ pa. Èmi tí mo na ọmọ ọlọ́mọ nítorí pé wọ́n jí ìwé wò nínú ìdánwò, n kò san kọ́bọ̀. Ní òpin oṣù, mo máa ń dá kàlẹ́ńdà inú ẹ̀rọ padà sí ìbẹ̀rẹ̀ oṣù, ètò náà á sì rò pé òun ṣẹ̀ṣẹ̀ dé ni. Mo pe ìyẹn ní ọgbọ́n.

Ó tún ku ọ̀kan. Ètò náà a máa pa gbogbo ọ̀rọ̀ tí ènìyàn bá tẹ̀ mọ́, tọjọ́ tọjọ́, pẹ̀lú wákàtí rẹ̀. Èmi nìkan ni mo mọ̀, nítorí èmi nìkan ni mo ka ìwé ìlànà rẹ̀ dé òpin. N kò kìlọ̀ fún ẹnikẹ́ni. Mo ń kà wọ́n.

Ọmọ mi ọkùnrin wà lókè òkun nígbà náà. Ó fẹ́ fẹ́ ọmọbìnrin kan tí mo máa pè ní Kẹ́hìndé. Télọ̀ ni ní Kétu, ìyá rẹ̀ sì ń ta tòmátò ní Mile 12. Lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ ló ń wá sí ìdí ẹ̀rọ kẹrin láti bá ọmọ mi sọ̀rọ̀. Á máa rẹ́rìn-ín jẹ́jẹ́. Bí mo bá ti kọjá lẹ́yìn rẹ̀, á dákẹ́. Ìdákẹ́jẹ́ yẹn fu mí lára.

Bàbá rẹ̀ kú lọ́dún náà. Wọ́n ṣe àdúrà ọjọ́ kẹjọ, Kẹ́hìndé sì sọ fún wa pé òun kò yọ ẹsẹ̀ nílé lọ́jọ́ náà. Lẹ́yìn nǹkan bí oṣù kan àbọ̀, mo ṣí àkọsílẹ̀ ẹ̀rọ kẹrin. Ní agogo mẹ́rin ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ àdúrà yẹn gan-an, ó bá ọkùnrin kan tó pe ara rẹ̀ ní Arìnrìnàjò sọ̀rọ̀. Ọkùnrin náà ní aṣọ tí Kẹ́hìndé rán fún ìyàwó Alájì kan fún obìnrin náà lọ́rùn bí okùn ewúrẹ́. Kẹ́hìndé dá a lóhùn pé, "Ìwọ tí o kò lè so okùn ṣòkòtò ara rẹ, ìwọ náà ń sọ̀rọ̀ aṣọ."

Ẹ wo irú àwàdà bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ àdúrà bàbá ẹni. Mo tẹ ojú-ìwé náà jáde, mo fi ránṣẹ́ sí ọmọ mi.

Kẹ́hìndé ní Táyé ni ọkùnrin náà, ìkejì òun tó wà ní Jeddah, àti pé ẹ̀yìn Iléyá ni àwọn sọ̀rọ̀ náà. Táyé náà jẹ́rìí sí i. Ṣùgbọ́n ta ni kò mọ̀ pé ìbejì kì í tú àṣírí ara wọn? Ọjọ́ tó wà lórí ìwé ló borí.

Ní ọ̀sẹ̀ kejì, mo tún ṣí àkọsílẹ̀ náà. Lábẹ́ ọ̀rọ̀ Kẹ́hìndé, lọ́jọ́ kan náà, ẹlòmíràn ń kí ọmọ rẹ̀ kú ọdún Iléyá. Iléyá kò sì tíì dé rárá lọ́jọ́ àdúrà yẹn. Lẹ́yìn àdúrà náà ni Iléyá dé, èmi fúnra mi sì jẹ nínú ẹran àgbò ọdún tí ìyá Kẹ́hìndé gbé wá. Ọwọ́ mi ni mo fi dá ọjọ́ náà padà.

Ọmọ mi kò tíì pinnu nígbà náà. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ fi èyí sọ́kàn.

Lọ́jọ́ kejì, Kẹ́hìndé wá kúnlẹ̀ níwájú mi. "Daddy, ẹ̀yin lẹ ni ẹ̀rọ. Ṣé òun ló ń parọ́ ni, àbí èmi?"

Mo ní, "Kí ni ẹ̀rọ fẹ́ fi irọ́ ṣe?"

Ó dìde, ó gbọn orúnkún aṣọ rẹ̀ nù, ó lọ. Ọmọ mi kọ̀ ọ́ sílẹ̀. Ọ̀rọ̀ náà dé ọjà Mile 12, wọ́n sì ń pè é ní arẹ́rìn-ín-lọ́jọ́-àdúrà. Ó kó ẹ̀rọ ìránṣọ rẹ̀ lọ sí Ìṣẹ̀rí Olówòrá. Kò tíì lọ́kọ. Ọmọ mi ti fẹ́ ẹlòmíràn, wọ́n ti bímọ.

Táyé ti dé láti Jeddah. Òun ló wá gba yàrá náà lọ́wọ́ mi. Nígbà tó wá wo àwọn ẹ̀rọ, ìdí ẹ̀rọ kẹrin ló lọ jókòó sí. Ó tẹjú mọ́ igun ojú ẹ̀rọ náà níbi tí ọjọ́ wà, ó ní, "Bàbá, kàlẹ́ńdà yín ò mọ̀ pé oṣù ti lé o." Ó rẹ́rìn-ín. Mo ń wò ó bóyá ẹ̀rín lásán ni. N kò tíì mọ̀ di òní.

Mo ti tún ojú-ìwé náà tẹ̀ jáde, tòun ti ìkíni Iléyá tó wà nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó wà nínú àpòòwé tí mo kọ orúkọ Kẹ́hìndé sí. Bí mo bá fi ránṣẹ́, ilé ọmọ mi lè mì. Bí n kò bá fi ránṣẹ́, irọ́ mi ni yóò máa jẹ́ orúkọ rẹ̀ títí. Ẹ̀yin tí ẹ ń ka èyí, ta ni kí n kọ́kọ́ kúnlẹ̀ fún?

Kí n tó fi yàrá náà sílẹ̀, mo tún kàlẹ́ńdà ẹ̀rọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà ṣe. Ọjọ́ tó wà lórí wọn nígbà tí mo fi kọ́kọ́rọ́ lé Táyé lọ́wọ́, òótọ́ ni: ọjọ́ kẹrìnlá, oṣù kẹfà, ọdún 2008.