Fóòmù Ìyá Mi Kò Mì

Ẹnjiníà, ẹ má tíì ṣí àpò yín, lẹ́tà yín ni ká kọ́kọ́ kà, mo ti kà á títí ó fẹ́ẹ̀ ya mọ́ mi lọ́wọ́. "Ilé tí a yẹ̀ wò kò mì." Ilé ta ni kò mì? Ilé tí mo ti ń ránṣọ láti ọdún mọ́kàndínlógún yìí? Ẹ wò mí lójú kẹ́ ẹ tún un sọ.

Mi ò lọ yunifásítì o, ẹsẹ̀ tí mo fi ń tẹ maṣíìnì ló kọ́ mi. Tẹ́ ẹ bá fi ẹ̀tù yin àpáta níbi ìwakùsà yín láago kan ọ̀sán, ilẹ̀ á kọ́kọ́ ta mí nípàá, kíá, ìyẹn ò ṣe nǹkan kan. Èkejì ló burú. Ìyẹn kì í sáré, ojú ilẹ̀ ló ń gbà bọ̀ bí ìgbì omi, á gbé ilé sókè, á sọ̀ ọ́ kalẹ̀, á tún fì í sẹ́gbẹ̀ẹ́. Òun ló ń la ògiri. Ẹ ní kìlómítà mẹ́rin ti jìnnà jù. Ẹ̀yin ló jìnnà sí. Ìgbì yẹn mọ ọ̀nà ilé mi, kì í béèrè.

Ògiri yàrá ìyá mi nìyí, ẹ wo àmì ṣọ́ọ̀kì tí mo fi ń ṣọ́ ibi tó sán dé. Etí fèrèsé ló ti bẹ̀rẹ̀, ó ti dé òkè ìrọ̀rí ìyá, ọwọ́ mi wọ inú ẹ̀ báyìí. Ẹ ní kí n gbé bẹ́ẹ̀dì kúrò níbẹ̀. Kí n gbé e lọ síbo, sórí maṣíìnì? Ìyá tí ẹsẹ̀ ẹ̀ ti rọ, ojoojúmọ́ ni mò ń pọ̀n ọ́n jáde kí aago kan tó lù. Èmi tí mo ti ń gbọ́mọọmọ pọ̀n.

Ẹ wá gbé ẹ̀rọ tó ń wọn mímì ilẹ̀ wá lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun. Mo ti nu ilẹ̀ dè yín. Ẹ ní ilẹ̀ tutù, ẹ̀rọ olówó gọbọi ni, lẹ bá gbé e lé orí fóòmù ìyá mi. Fóòmù, Ẹnjiníà. Ṣé ara ẹ̀rọ ò yá ni? Ìyá tó wà lẹ́yìn mi ní ṣé ká fi aṣọ bò ó kí òtútù má mú un. Ohun tí a ń tìtorí ẹ̀ ra fóòmù ni pé kí gìrì má dé ara. Mo ti gbé abọ́ omi kan sílẹ̀ rí, mo gbé ọ̀kan sórí fóòmù. Nígbà tẹ́ ẹ yin àpáta, ti ilẹ̀ dà nù, ti orí fóòmù kàn ń wò mí ni. Àti pé lọ́jọ́ náà, nígbà tí ilẹ̀ fì, ta ló di férémù ilẹ̀kùn mú gírígírí? Ṣé èmi ni?

Ohun tí mo fẹ́ ò pọ̀. Ẹ dín ohun tẹ́ ẹ ń yìn kù, ẹ wá fi òpó ti ògiri yìí kó tó wó lé ìyá mi, kẹ́ ẹ sì ya lẹ́tà yìí níṣojú mi.

Ẹ ò gbà. Kò burú. Ìyá ti wà lábẹ́ igi níta, àyè ẹ̀ ṣófo. Ẹ gbé ẹ̀rọ sílẹ̀ẹ́lẹ̀, kí ẹ̀yin sùn síbí, ẹ gbórí lé ìrọ̀rí, ẹ kọjú sógiri. Ṣebí ilé wa kì í mì.

Ẹn-ẹ́n, fèrè tẹ́ ẹ máa ń fọn kẹ́ ẹ tó yin àpáta ló ń dún yẹn. Ẹ sùn, Ẹnjiníà. Bàtà kí lẹ tún ń wá?