Ìpẹtà Tí Mo Pè Ní Erùpẹ̀

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bi mí lórúkọ. Ó di ọdún mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ yìí ti wà níkùn mi, ọkọ mi pàápàá kò mọ̀. Ohun tí bàbá mi sọ ní ọjọ́ Jímọ̀ tó kọjá ni kò jẹ́ kí n lè dákẹ́ mọ́.

Iṣẹ́ mi ni kí n máa ya fọ́tò irin. Kọ̀ǹpútà á wo fọ́tò náà, á kun ibi tó ti dípẹtà ní pupa, á sì wọn bó ṣe fẹ̀ tó. Ṣùgbọ́n ó máa ń ṣi erùpẹ̀ pupa mú, á pè é ní ìpẹtà. Èmi ni mò ń tún un ṣe.

Wọ́n rán mi lọ wo táńkì omi ẹ̀yìn mọ́ṣáláṣí kan ní Bẹ́yẹrunkà. Kọ̀ǹpútà kun ọ̀kan nínú àwọn ẹsẹ̀ irin tó gbé táńkì náà dúró ní pupa látìsàlẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, mo fi ìṣó ha á. Ó ń ṣí bí èèpo. Ìpẹtà ni.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ gbọ́ mi yé. Bàbá mi, wẹ́dà ní Bẹẹrẹ, ló jó irin yẹn. Mi ò fẹ́ kí wọ́n tẹ́. Mo pa pupa náà rẹ́, mo kọ "erùpẹ̀" sí i. Mo ní màá sọ fún wọn kí wọ́n lọ tún un ṣe. Mi ò sọ.

Òjò kan rọ̀ tòun tìjì. Táńkì wó lu Ìyá Ràfíù, obìnrin kan ládùúgbò mọ́ṣáláṣí náà, níbi tí wọ́n ti ń pọn omi àlùwàlá. Wọ́n gé ẹsẹ̀ wọn kan nílé ìwòsàn.

Bàbá mi bi mí pé, "Ṣé ẹ̀rọ yín ò rí nǹkan kan ni?"

Mo ní, "Kò rí nǹkan kan, Bàbá."

Láti ọjọ́ yẹn, bàbá mi ò jó irin mọ́. Èmi náà, bí kọ̀ǹpútà bá kun erùpẹ̀ gidi ní pupa báyìí, ọwọ́ mi kì í lè pa á rẹ́.

Ara bàbá mi ò yá mọ́. Ní Jímọ̀ yẹn, wọ́n di ọwọ́ mi mú. "Èmi ni mo gé ẹsẹ̀ obìnrin yẹn. Mú mi lọ bẹ̀ ẹ́ kí n tó kú."

Lọ́la la ń lọ. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi dá sí i. Ṣé kí n jẹ́wọ́ fún bàbá mi kí a tó kúrò nílé ni, àbí kí n dúró, kí n máa wò wọ́n lórí ìkúnlẹ̀ níwájú Ìyá Ràfíù?