Àwo Tí Múfú Ha Orúkọ Rẹ̀ Dànù

Nígbà tí ẹsẹ̀ èmi yìí ṣì le, tí mò ń rìn bí ẹni tí ilẹ̀ ń jó lẹ́sẹ̀… ẹ jókòó dáadáa. Ìwé mẹ́ta péré ni mo kà tí mo fi sá, ṣùgbọ́n mo bá ọkọ̀ ojú omi dé Monróvíà, mo dé Dàkár, ìyẹn ni wọ́n fi ń pè mí ní Monró. Ta ló dé ibẹ̀ nínú àwọn bàbá àdúgbò yìí? Ẹnu lásán ni wọ́n ní.

Èmi ni mo gbé àwo orin kan, orin sóòlù àwọn aláwọ̀ dúdú Amẹ́ríkà, bọ̀ láti Monróvíà fún Múfú, ọ̀rẹ́ mi, DJ kíláàbù kan ní Abúlé Òkúta. Sójà ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìjọba fún alágbádá nígbà yẹn, ara tu gbogbo wa. Ijó ọ̀sán Sọ́ńdè! Ẹ gbọ́, àwọn nọ́ọ̀sì á ti ọsibítù Igbóbì wá pẹ̀lú bàtà gogoro. Lónìí ńkọ́? Ẹ ti nǹkan bọ etí, kálukú ń dá jó nínú yàrá.

Àwọn DJ ìgbà yẹn, ahun ni wọ́n. Tí àwo wọn bá ti ṣọ̀wọ́n, wọ́n á fi omi rẹ bébà àárín rẹ̀, wọ́n á ha orúkọ dànù, kí DJ mìíràn má baà mọ̀ ọ́n, kó lọ ra tiẹ̀. Múfú ha tiwa náà. Àwọn DJ Ṣómólú á na ọrùn bí àgùnfọn. Múfú á ní, "Ẹ wò ó títí! Ẹ ò lè mọ bàbá tó bí i!"

Orin yẹn ni Síkírá jó tó fi di ìyàwó Múfú. Obìnrin kan ló kọ ọ́, ohùn ẹ̀ bí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ sunkún tán…

Nígbà tí alágbádá tún padà dé, lẹ́yìn ọdún gbọọrọ, àìsàn dá Múfú dùbúlẹ̀ nílé ẹ̀ ní Ladi-Lak. Àgbàrá wọ ilé, ẹrẹ̀ bo àwọn àwo orin ẹ̀. Síkírá, kò mọ̀, ó fi ọṣẹ fọ gbogbo àwo, ó sá wọn sórí páànù. Oòrùn ká wọn kò bí ewé gbígbẹ. Àwọn yòókù, a rí irú wọn rà. Èyí tí kò lórúkọ ńkọ́? Kí la fẹ́ pè é fún ẹni tó ń tà á?

Múfú ní, "Monró, bá mi wá a. Kí n gbọ́ ọ kí n tó lọ."

"Kí lorúkọ ẹ̀?"

"Mo ti gbàgbé."

Èmi tí mo gbé e bọ̀, ṣé mo ka bébà yẹn ni? Mo rìn láti Yábàá dé Ìdúmọ̀tà, mò ń fi imú kọ ọ́ fún àwọn tó ń tàwo. Ọ̀kan ní, "Bàbá, ṣé inú ń run yín ni?"

Mo padà sẹ́gbẹ̀ẹ́ Múfú. Ó ní kí n kọ ọ́. Mo kọ ọ́. Ó mi orí: "Kò rí bẹ́ẹ̀." Mo tún un kọ. "Kò rí bẹ́ẹ̀, Monró." Ọ̀rọ̀ tó bá mi sọ kẹ́yìn nìyẹn…

Ẹ̀yin ní kí n fi imú kọ orin náà sí fóònù, á wá a jáde. Mo kọ ọ́ níjọ́sí. Ìpolówó ọṣẹ ló gbé jáde.

Ẹ̀yin ọmọ yìí, nǹkan tí ẹ bá fẹ́ràn, ẹ jẹ́ kí ẹlòmíràn mọ orúkọ ẹ̀. Síkírá ṣì wà. Tí mo bá yà kí i, ó máa ń bi mí bóyá mo ti rántí ẹ̀. Rántí kẹ̀? Èyí tí mo kọ tí Múfú ní kò rí bẹ́ẹ̀ yẹn pàápàá, mo ti ń gbàgbé ẹ̀.