Ẹ̀wà Tí Mo Fẹ́ Pè Ní Mímọ́

Ẹ̀yin ará nínú Olúwa, ẹ jẹ́ kí n dúró nísàlẹ̀ níhìn-ín. Ohun tí mo fẹ́ sọ kò jẹ́ kí n lè gun orí pẹpẹ.

Ẹ mọ̀ mí, èmi Bọ́láńlé tí mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin. Ẹ mọ̀ pé iṣẹ́ ìjọba ni mò ń ṣe, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ yín ò mọ irú rẹ̀. Bí àwọn onímọ̀ ọ̀gbìn bá mú àbùdá kan, ìyẹn ohun kékeré tó ń pinnu bí ẹ̀dá ṣe máa rí, lára igi kan, tí wọ́n fi sínú irúgbìn mìíràn kí ó lè dára sí i, ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n ń gbé e wá. Àwa la máa wò ó bóyá ara ẹnikẹ́ni á kọ̀ ọ́. Ẹ ti rí ẹni tó jẹ edé rí, tí ètè rẹ̀ wú, tí èémí rẹ̀ ń há. Kò sí májèlé nínú edé náà. Ara onítọ̀hún ni kò gbà á. Ohun tí à ń ṣọ́ nìyẹn.

Ẹ̀wà kan ni wọ́n gbé wá. Wọ́n ti fi àbùdá kan láti ara kajú sínú rẹ̀ kí ó lè ṣe ara lóore ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Mo wò ó, mo rí i pé irú omi tó ń da oúnjẹ nínú ikùn kò tètè yọ́ ohun tuntun tó wà nínú rẹ̀. Irú ohun tí kò tètè yọ́ bẹ́ẹ̀ ni ara sábà máa ń kọ̀; àmì yẹn kò dára tó. Ó wá ku kí a gba ẹ̀jẹ̀ díẹ̀ lára àwọn tí ara wọn kọ kajú, kí a wò ó bóyá ẹ̀jẹ̀ wọn á bá ẹ̀wà yìí jà. Ẹ̀jẹ̀ bẹ́ẹ̀ ṣòroó rí. Ọ̀gá mi pè mí wọlé lọ́jọ́ Ẹtì.

Ó ní, "Bọ́láńlé, òjò ti ń ṣú, àwọn àgbẹ̀ ń retí. Ṣé o ti rí ẹni tí ẹ̀wà yìí pa?"

"Rárá o, sà."

"Sọ pé kò séwu, nígbà náà. Wá fọwọ́ sí i lọ́jọ́ Ajé."

Mo ní, "Ó dáa, sà."

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú, lẹ́yìn tí ẹ ti túká, mo kúnlẹ̀ sí ìdí àga ìhín yìí, mo ní kí Olúwa bùkún iṣẹ́ ọwọ́ mi. Ẹ gbọ́ o, ojú ò tì mí! Bí mo ṣe gbé orí lé àga báyìí, oorun gbé mi lọ.

Ọkùnrin kan dúró tì mí, aṣọ rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ rọlẹ̀. Ó ní, "Dìde, kí o wá wò." A kọjá lọ́dọ̀ àwọn alágbèrè, wọ́n ń fi ọwọ́ bo ojú fún ara wọn. A kọjá lọ́dọ̀ àwọn aninilára, òkúta ilé tí wọ́n gbà lọ́wọ́ opó wà lórí wọn, kò sì ṣeé sọ̀. Mo ń mi orí. Mo tilẹ̀ sọ ọ́ jáde pé, "Ó tọ́ sí wọn." Ọkùnrin náà wò mí, ó tún ń mú mi lọ.

A dé àfonífojì kan, òórùn oúnjẹ dídùn gba ibẹ̀ kan. Àwọn èèyàn jókòó yí ìkòkò ká, ebi ń pa wọ́n, wọ́n ń kígbe pé, "Kí ló wà nínú rẹ̀?" ohùn kan ń dá wọn lóhùn pé, "Kò sí nǹkankan," wọ́n bu ú, wọ́n gbé e mì, ètè wọn wú, ahọ́n wọn wú, ọ̀fun wọn dí pa, wọ́n ń fi èékánná ya ọrùn ara wọn, wọn ò kú, wọn ò mí, wíwú náà á rọlẹ̀, ebi á tún dé, wọ́n á tún bèèrè, ohùn náà á tún dáhùn!

Ọkùnrin náà ní, "Àwọn tó sọ pé kò séwu nígbà tí wọn kò tíì wò."

Mo ní, "Ṣé gbogbo wọn ló pa èèyàn ni?"

"Rárá. Oúnjẹ ẹlòmíràn nínú wọn kò ṣe ẹnikẹ́ni ní nǹkan. Ṣùgbọ́n wọn kò mọ̀ nígbà tí wọ́n sọ ọ́."

Ní òdìkejì, àwọn kan ń fi ọwọ́ òfo jẹun. Oúnjẹ rere wà níwájú wọn, wọn kò lè fọwọ́ kàn án. Ó ní, "Àwọn wọ̀nyẹn pariwo pé májèlé ni. Àwọn náà kò wò."

Ọ̀fun tèmi náà bẹ̀rẹ̀ sí fún. Mo di aṣọ rẹ̀ mú, mo ní, "Ẹ jọ̀ọ́, ẹ mú mi kúrò níbí!"

Ìmọ́lẹ̀ ni mo tún rí. Ibi ìsinmi ni, koríko tutù, àwọn èèyàn ń jẹun pẹ̀lú ẹ̀rín. Obìnrin kan sáré wá, ó kúnlẹ̀ níwájú mi.

"Ẹ kú iṣẹ́ o, Ìyá! Wọ́n ní ẹ̀yin lẹ ń yẹ oúnjẹ wò kí wọ́n tó gbé e fún èèyàn. Níbi ìsọmọlórúkọ ni mo ti jẹ àkàrà òyìnbó kan. Mo bi wọ́n bóyá kajú wà nínú rẹ̀, wọ́n ní kò sí. Mi ò délé mọ́. Ọmọ mi obìnrin jogún ara mi. Ẹ̀wà ló gbójú lé, òun ló ń jẹ tí ọkàn rẹ̀ ń balẹ̀. Ẹ bá mi ṣọ́ ọ o. Olúwa á san án fún yín."

Ẹ̀yin ará, ẹ̀rù àfonífojì yẹn bà mí, ṣùgbọ́n ìtìjú tó bá mi níwájú obìnrin yẹn ju ẹ̀rù lọ. Mo fẹ́ sọ pé, "Má kúnlẹ̀ fún mi." Mo ń wá ibi tí ilẹ̀ á ti lanu gbé mi mì, ní ọ̀run rere! Mo yíjú sí ọkùnrin náà pé kó gbà mí. Ọwọ́ mi ọ̀tún ló ń wò.

Mo ta jí. Oòrùn ṣì wà nílẹ̀. Ìyá tó ń gbá ṣọ́ọ̀ṣì ní, "Ìyá Akọrin, ṣé kò sí nǹkan?" Mi ò lè wò wọ́n lójú.

Lọ́jọ́ Ajé, mo wọlé tọ ọ̀gá mi. "Ẹ má bínú, sà. Mi ò lè fọwọ́ sí i. A ò tíì wò ó tán."

"O gbà lọ́jọ́ Ẹtì!"

"Mo gbà, sà. Irọ́ ni mo fẹ́ pa."

Ó lé mi jáde. Òjò ọdún yẹn kọjá láìjẹ́ pé àwọn àgbẹ̀ rí ẹ̀wà náà gbìn, wọ́n sì bú wa. Ṣùgbọ́n dókítà kan bá wa wá àwọn tó yọ̀ǹda ẹ̀jẹ̀ wọn. A wò ó. Ẹ̀jẹ̀ àwọn yòókù dákẹ́; ti ẹnì kan bá a jà gidi.

Ọ̀gá mi ní, "Ẹnì kan ṣoṣo?"

Mo ní, "Ẹnì kan ni, sà. Ó ń jẹ ẹ̀wà lójoojúmọ́."

Ọ̀gá mi jókòó. Ó ní kí a kó ẹ̀wà náà kúrò nílẹ̀.

Alàgbà ti fẹ́ kí ẹ pàtẹ́wọ́ fún mi lórí ọ̀rọ̀ yìí. Mo bẹ̀ yín, ẹ má ṣe é. Arákùnrin kan sì bi mí lẹ́nu ọ̀nà pé, ṣé kí àwọn má jẹ oúnjẹ tuntun kankan mọ́ ni. Mo ní rárá. Àgbàdo tuntun kan wá sọ́dọ̀ wa rí, a wò ó tán pátápátá, èmi náà ń sè é fún àwọn ọmọ mi.

Ìkìlọ̀ mi rè é. Ẹ̀yin tó ń se oúnjẹ, ẹ̀yin tó ń tà á, ẹ̀yin tó ń gbìn ín, bí ẹnikẹ́ni bá gbé àwo dání, tó bi yín pé kí ló wà nínú rẹ̀, tí ẹ kò bá mọ̀, ẹ sọ pé ẹ kò mọ̀. Gbólóhùn kékeré ni, mo mọ bó ṣe wúwo tó lẹ́nu. Ẹ sọ ọ́ kí onítọ̀hún tó bù ú jẹ.